Ẹ̀rọ Kejì Tí Kò Gbọdọ̀ Mọ Nǹkan

Ilẹ̀kùn tó bá ti wà ní ṣíṣí, Ọ̀gbẹ́ni Ọlábánjí Dúrójaiyé kì í gba ibẹ̀ wọlé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í, kí òun dé iwájú rẹ̀, kí òun dúró, kí òun húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹnìkan tó wá ṣí i fún òun. Ó ní ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí dà bí ẹni tí wọn kò retí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn ni ọkùnrin yìí ń darí, ní ọ̀nà Ìdíròkò, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti fara kọ́ra ní Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló para pọ̀ dá a sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn: àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń rọ irin, àwọn tó ń ṣe bisikíìtì, àti àwọn tó ń ṣe páálí tí wọ́n ń kó bisikíìtì sí. Ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́, ẹni tí omi gbígbóná bá bó, ibẹ̀ ni wọ́n ń sáré gbé e wá. Àwọn òṣìṣẹ́ náà tó ẹgbàá méje, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó lè fi orí lásán rántí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹni tí abẹ́rẹ́ kan ò bá lára mu. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn sí, pẹ̀lú ipò tí oníkálukú wọn dì mú.

Ipò tí Dúrójaiyé dì mú gan-an ló fa gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Adelé ọ̀gá àgbà ni. Alábòójútó ilé ìkẹ́rùsí ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ka báńdéèjì àti ìbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí Alhaji Sirajudeen, ọ̀gá àgbà ìgbà náà, bá rìnrìn àjò, òun ló máa ń bá wọn mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì dání. Ó mọ ibi tí fáìlì wà, ó mọ ibi tí òǹtẹ̀ wà, ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ Alhaji. Nígbà tí Alhaji fẹ̀yìn tì, àwọn ìgbìmọ̀ alábòójútó ní kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì máa bá àwọn dele ná. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Dúrójaiyé ń wá láyé yìí: kí wọ́n yọ "adelé" kúrò níwájú oyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà létí rẹ̀. Atúnṣe iná kan pè é níjọ́ kan láìmọ̀ọ́mọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń kọ ìwé àlàyé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ gbàjọba, ó ní kí wọ́n mú òun yípo gbogbo ilé náà. Akọ̀wé rẹ̀, Olúwaṣẹ́gunfúnmi, ń sáré níwájú, ó ń ti ilẹ̀kùn kí ọ̀gá lè rí ohun tí wọ́n máa ṣí. Wọ́n dé yàrá tí sáfà wà. Kàfáyá, ọmọbìnrin Àtàn-Ọ̀tà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, kúnlẹ̀ kí wọn. Dúrójaiyé rí i pé ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

"Kí ni èyí ń ṣe níhìn-ín?"

"Sáfà kejì ni, sà. Alhaji ló ní ká rà á, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó tán lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ sínú ti àkọ́kọ́, òun náà á kọ ọ́. Bí ti àkọ́kọ́ bá kú, òun ló máa gba iṣẹ́."

"Gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá mọ̀, òun náà á mọ̀ ọ́n?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá, sà. Lójú ẹsẹ̀."

"Á wá jókòó síbẹ̀, á máa dúró de ikú ẹ̀?"

"Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, sà."

Dúrójaiyé wo ẹ̀rọ náà títí. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, ó ń wò ó padà. Òun fúnra rẹ̀ ló kúkú mọ bí òun ṣe dé orí àga. Igbákejì tó mọ gbogbo ohun tí ọ̀gá mọ̀, kí ló tún kù tó ń retí? Ìdí nìyí tí òun alára kò fi yan igbákejì kankan. Àga tó wà ní ọ́fíìsì igbákejì, ó ti ní kí wọ́n gbé e fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà, ìwé àṣẹ ti jáde, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo. *Láti òní lọ, ohunkóhun kò gbọdọ̀ kúrò nínú sáfà àgbà lọ sínú sáfà kejì, àfi èyí tí a bá tẹ̀ sórí bébà, tí a gbé wá síwájú Ọ̀gá Àgbà, tí Ọ̀gá Àgbà kà, tí Ọ̀gá Àgbà sì buwọ́ lù.*

Kàfáyá gbé ìwé náà lọ bá a. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èyí ò bá mọ ohun tí tọ̀hún mọ̀, kò wúlò fún nǹkan kan. Ó kàn ń jẹná lásán ni."

"Kàfáyá, ìwọ lọ̀gá ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ṣé o ti rí ilé ibi tí ìyàwó kékeré ti mọ gbogbo ibi tí ìyálé ń fi nǹkan pamọ́ sí, tí ilé náà tòrò?"

"Ẹ̀rọ ni, sà, kì í ṣe—"

"Òye!" Olúwaṣẹ́gunfúnmi ló ké bẹ́ẹ̀, ó ti ń kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. "Òye tó jinlẹ̀ nìyẹn, sà! Irú èyí ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì, tí wọn kì í kọ́ tán!"

Kàfáyá lọ ti ẹnu ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì. Ohun tí sáfà kejì mọ̀ ní ọjọ́ náà ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ: ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tí Alhaji Sirajudeen ṣì jẹ́ ọ̀gá.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Ẹ̀rọ tó dí lẹ́nu yìí náà ni Dúrójaiyé pe àpèjọ lé lórí lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n kan pátákó idẹ mọ́ ọn: *Sáfà Ọlábánjí, Ààbò Ìran Tó Ń Bọ̀*. Ọ̀gá bọ́ síwájú, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ àwọn aláìsàn tò sórí bẹ́ǹṣì níta, wọ́n ń di ojú egbò wọn mú.

"Kí ni sáfà?" Ohùn rẹ̀ ròkè. "Mo ní, kí ni sáfà? Bí ẹ bá rí odò, ẹ ti rí orísun. Bí ẹ bá rí sáfà, ta lẹ rí? Ta ló ronú kàn án nígbà tí gbogbo yín ń sùn? Ta ló rí i lókèèrè? N ò ní dárúkọ ara mi, nítorí pé mi ò fẹ́ràn àṣehàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo pátákó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò pàtẹ́wọ́ dáadáa, Olúwaṣẹ́gunfúnmi ń kọ orúkọ rẹ̀.

Bébà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọgọ́ta ojú ìwé lọ́jọ́ kan, igba lọ́jọ́ kejì, torí pé ní Ọ̀tà, ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ ń gé èèyàn. Ọjọ́rú nìkan ni ọ̀gá ń buwọ́ lùwé, láti aago mọ́kànlá sí aago méjìlá. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, ó fi gbogbo wákàtí náà dánra wò lórí bébà òfìfo, kí ìbuwọ́lù náà lè ní ìyàtọ̀ sí èyí tó ń lò nílé ìkẹ́rùsí. Ní Ọjọ́rú kejì, ó lọ sí ìpàdé kan ní Abẹ́òkúta. Ní Ọjọ́rú kẹta, ọwọ́ ń ro ó látàrí ti àkọ́kọ́, Olúwaṣẹ́gunfúnmi sì ń bá a wọ́ ọ, ó ń ní, "Ẹ rọra, sà. Ọwọ́ yìí kì í ṣe ti yín nìkan mọ́." Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́ta, páálí bisikíìtì mẹ́tàlélógún ló kún fún bébà lọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n tò wọ́n kan fèrèsé. Ìbuwọ́lù ẹyọ kan ò sí lórí ìkankan nínú wọn.

Ìwé àwọn ìgbìmọ̀ wá dé. Alága wọn, Alhaja Hàlímọ̀tù, tó ni ilé-iṣẹ́ ike lọ́nà Ìjù, kọ ọ́ pé àwọn ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn fẹ́ mọ bí ilé ìwòsàn ṣe ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yóò pinnu ọ̀rọ̀ ipò ọ̀gá àgbà.

Dúrójaiyé ka gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nígbà méje. Ó pe Kàfáyá. "Mo máa pa sáfà àgbà lójú wọn. Kí èkejì jí. Kí wọ́n rí agbára."

Ojú Kàfáyá yí padà. "Sà, èkejì ò mọ nǹkan kan láti oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ lónìí tó jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wákàtí mẹ́fà péré, ó ti kó gbogbo ẹ̀ tán."

"Láìsí ìbuwọ́lù?"

"Láìsí ìbuwọ́lù, sà."

Ó rò ó wò. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó rò ó wò lóòótọ́. Ó rí i lọ́kàn ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ ìwé àṣẹ òun kúrò lára ògiri, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀.

"Kí wọ́n wá sọ pé èmi fúnra mi ni mo rú òfin ara mi? Lọ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tó bá mọ ọ̀gá rẹ̀, kò ní dójú tì í."

Bí Kàfáyá ṣe jáde, omi ló lé ròrò sójú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ẹ̀rọ. Ó mọ àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àwọn ìgbìmọ̀ márààrún tò sí yàrá sáfà pẹ̀lú Alhaja Hàlímọ̀tù, obìnrin arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dúrójaiyé wọ agbádá tó gba ìdajì yàrá náà. Ó sọ̀rọ̀ títí Alhaja fi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì wá nawọ́, ó di waya iná sáfà àgbà mú.

"Sà, ọ̀nà tí a ń gbà pa á wà," Kàfáyá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "A kì í fà á bẹ́ẹ̀."

Ó fà á. Ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Áà, ọ̀gá!" Olúwaṣẹ́gunfúnmi ló ń fi fóònù ya fọ́tò. "Kò wọlé o! Agbádá ló bò yín lójú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ tún un fà."

Dúrójaiyé ki waya bọ̀ ọ́ padà. Ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú láti jí ni, ó tún un fà.

"Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́, sà!" Kàfáyá ti pariwo.

"Eléyìí dára, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ ò rẹ́rìn-ín."

Ó tún un kì, ó tún un fà lẹ́ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó na àtàńpàkò sókè. Inú sáfà àgbà dún *kẹ́-kẹ́-kẹ́*, òórùn nǹkan jíjó jáde lára rẹ̀, ó sì kú, ikú tí a kì í tún jí níbẹ̀.

Sáfà kejì ní tirẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni sín, ó ti gba iṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri sì tàn. Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Orí Dúrójaiyé wú. Ó ti gbọ́ ọ lọ́kàn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọ̀gá àgbà, tí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn níwájú rẹ̀.

"Ẹ wá nǹkan nínú ẹ̀! Ẹ wá ohun tó bá wù yín! Tiẹ̀ gan-an, ẹ tẹ orúkọ tèmi!"

Kàfáyá tẹ̀ ẹ́. Ó jáde gàdàgbà lára ògiri: *Dúrójaiyé, Ọlábánjí. Ipò: Alábòójútó Ilé Ìkẹ́rùsí. Ọ̀gá rẹ̀: Alhaji Sirajudeen.*

Alhaja Hàlímọ̀tù gbé ìgò ojú rẹ̀ wọ̀. "Ilé ìkẹ́rùsí?"

"Ìrẹ̀lẹ̀ ni, mà!" Olúwaṣẹ́gunfúnmi ti sáré bọ́ síwájú. "Ọ̀gá wa ò fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ oyè àwọn síta."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn ìgbìmọ̀. Ẹ̀rín náà ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Nọ́ọ̀sì Adéjọkẹ́ já wọlé, ó ń mí gúlegúle, ìgò abẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.

"Kàfáyá, kí ló ṣe kọ̀ǹpútà? Nùrẹ́nì, ti ilé-iṣẹ́ irin, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kẹ̀, ibà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Dókítà kọ abẹ́rẹ́ fún un. Mo ṣí káàdì ẹ̀, òfìfo ni! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí, mo mọ̀ pé a kọ ọ́ síbẹ̀ lóṣù tó kọjá pé abẹ́rẹ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ gbà. Èwo ni? Aláìsàn igba ni mo ti rí lẹ́yìn ẹ̀."

Dúrójaiyé na ara rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, bí ẹ̀rọ bá sọ pé kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan nìyẹn. Ẹ lọ gún un."

"Mi ò ní gún un, sà."

Mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ bọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ti sọ gbólóhùn yẹn, inú bí mi.

Alhaja Hàlímọ̀tù yíjú sí Kàfáyá. "Ọmọ mi, níbo ni ohun tí wọ́n kọ lóṣù tó kọjá wà?"

"Inú èyí tó kú yìí ni, mà."

"Kò sí níbòmíràn?"

Kàfáyá wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ó wà lórí bébà, mà. Lọ́fíìsì ọ̀gá. Ó ń retí ìbuwọ́lù."

Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe sáré gba kọ́rídọ̀ náà! Wọ́n da páálí mẹ́tàlélógún sílẹ̀. Àwọn olówó Ọ̀tà, pẹ̀lú aṣọ olówó ńlá, wà lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n ń tú bébà kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ ìránṣọ nínú iyanrìn. Alhaja tú gèlè rẹ̀, ó fi lélẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dúrójaiyé nìkan ló wà lóòró; agbádá ò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀. Ó gbà wọ́n tó ogójì ìṣẹ́jú kí Alhaja tó gbé ojú ìwé kan sókè, ó sì kà á síta. Nùrẹ́nì. Orúkọ abẹ́rẹ́. *Díẹ̀ ló kù kó pa á. Ẹ má tún fún un láé.*

Adéjọkẹ́ wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni.

Dókítà pààrọ̀ oògùn, wọ́n sì fún Nùrẹ́nì ní òmíràn. Bí ẹ bá rò pé ojú ti Dúrójaiyé, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ẹ rí i? Bí mi ò bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńkọ́? Ọgbọ́n mi ló gba ọmọ ọlọ́mọ là lónìí!"

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, sà!" Olúwaṣẹ́gunfúnmi dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó sì ti ń fẹsẹ̀ wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Alhaja wà.

Alhaja Hàlímọ̀tù dìde, ó gbọn eruku ìró rẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ, Ọ̀gbẹ́ni Dúrójaiyé. Bébà yìí nìkan ló kù fún wa. Ta ló máa wá kó o padà sínú ẹ̀rọ?"

"Àwọn ọmọọṣẹ́ wà, mà."

"Àwọn ọmọọṣẹ́ ní aláìsàn láti tọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó o jọ ni kẹ́ ẹ kó o sí i. Dókítà á máa bójú tó ilé ìwòsàn. Kàfáyá á máa bójú tó yín."

"Alhaja!" Dúrójaiyé ké. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, ó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ náà. "Adelé ọ̀gá àgbà ni mí!"

"Ẹ̀rọ yín ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Alhaja wí, ó sì wé gèlè rẹ̀ padà.

Láti Ọjọ́ Ajé, ẹ ó bá a ní yàrá sáfà, tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kékeré kan, tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ kà á kó tó kọ ọ́, ó sì wá rí ohun tí kò mọ̀ láti oṣù mẹ́ta tó ti wà lórí oyè, bí àwọn èèyàn ṣe ń fara pa tó ní Ọ̀tà. Nígbà mìíràn á tún ojú ìwé kan kà lẹ́ẹ̀mẹta. Kàfáyá kì í yọ ọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn oṣù méjì ló tó dé páálí kẹsàn-án, ó sì bá ojú ìwé kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ti aláìsàn. Tirẹ̀ ni. Wọ́n ti kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó gbàjọba, kí wọ́n lè yí ipò rẹ̀ padà nínú sáfà kejì: *Láti Alábòójútó Ilé Ìkẹ́rùsí sí Adelé Ọ̀gá Àgbà.* Ó ti wà níbẹ̀ lábẹ́ àwọn yòókù, ó ń retí ìbuwọ́lù rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kò yára rárá. Ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró.

"Kàfáyá," ó pè é. "Ibì kan wà níhìn-ín tó ń béèrè ọjọ́ tí ipò yìí parí. Ṣé mo lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kò ní gbà á, sà."

"Kí ni kí n wá kọ?"

Kàfáyá ò yíjú kúrò níbi iṣẹ́ tirẹ̀. "Ọjọ́bọ̀ tí àwọn Alhaja wá, sà."

Ó wo ìka rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà gbà á lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni Kàfáyá wí. "Ó ku páálí mẹ́rìnlá."